Fídíò bíìtì 8 àti bíìtì 10: Báwo ni wọ́n ṣe ń fi wọ́n wéra láìṣe ojúsàájú?

Olóòtú fíìmù tó bá gbé fídíò bíìtì 8 àti bíìtì 10 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí kọ̀ǹpútà lè sọ pé òun kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lè gbé ju bíìtì 8 lọ, tó fi jẹ́ pé ohun kan náà ló ń wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ owó ni fún ẹni tó ń ronú bóyá kí òun ra kámẹ́rà tuntun.

Kí ni bíìtì ń sọ?

Iye ìpele tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ni. Ní bíìtì 8, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ní ìpele 256 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní bíìtì 10, 1,024 ni. Ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́ ló sábà máa ń tú àṣírí bíìtì 8: dípò kí ìmọ́lẹ̀ rọra wọ inú òkùnkùn, yóò máa já ní ìlà-ìlà bí àtẹ̀gùn.

Níbo ni ìṣirò ti ń daru?

Nínú fídíò amóhùnmáwòrán bíìtì 8, dúdú jẹ́ 16, funfun sì jẹ́ 235. Ní bíìtì 10, wọ́n di 64 àti 940. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì bẹ́ẹ̀ ń fi náírà wé kọ́bọ̀ ni. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ nọ́ńbà bíìtì 8 di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn kan a máa já bíìtì 10 wálẹ̀ sí 8 dípò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ dán wò gan-an ni wọ́n gé sọnù yẹn.

Òṣùwọ̀n PSNR, tó ń sọ bí ẹ̀dà fídíò ṣe súnmọ́ ojúlówó tó, nílò nọ́ńbà tó ga jù lọ: 255 fún bíìtì 8, 1,023 fún bíìtì 10. Bí wọ́n bá fi 255 ṣírò fídíò bíìtì 10, èsì yóò fi nǹkan bíi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 12 lọ sílẹ̀, ẹ̀dà tó dára yóò sì dàbí èyí tó bàjẹ́.

Orísun kan náà, tó ní bíìtì 10 ó kéré tán, ló yẹ kí ẹ̀dà méjèèjì ti wá. Ní ti àwòrán JPEG tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù láti fi jiyàn, bíìtì 8 ni gbogbo wọn.