Láti Orí Owó Ẹyọ Dé Orí Alẹ́ẹ̀tì

 

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan dá awuyewuye sílẹ̀. Oníbàárà kan ra àpò gàrí mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa. Ó na fóònù sí ìyá lójú pé òun ti sanwó. Ìyá rí iye owó náà níbẹ̀, wọ́n ní kí alábàárù gbé ẹrù. Títí di òní, kọ́bọ̀ kò wọlé. Àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ dá owó jọ fún wọn, àwọn kan ní ẹni tó bá so ìyà mọ́dìí ni kó jẹ ẹ́. Èmi akọ̀wé yín kò ní dá ẹjọ́ náà, ìgbìmọ̀ ni yóò dá a. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí owó ti ń bọ̀.

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, owó ẹyọ ni wọ́n ń ná. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Owó yẹn wúwo, alárù ló ń rù ú. Ẹni tó bá fẹ́ fi rẹ́ni jẹ, kíkà ni wọ́n fi ń mú un.

Ìyá mi àgbà kò bá owó ẹyọ. Tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti pọ́n-ùn ni tiwọn. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù January, 1973, pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Síbẹ̀, ṣílè ni wọ́n ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá títí ọlọ́jọ́ fi dé. Etí aṣọ ni wọ́n ń so owó mọ́. Ẹni tó bá sanwó fún wọn, wọn á kà á, wọn á tún un kà lójú onítọ̀hún, wọn á gbé bébà sókè sí oòrùn wò. Kò sí ẹni tó bínú.

Ọmọ mi tó wà ní girama kò mọ tọ́rọ́. Owó tí kò fojú rí ló ń ná. Ní 2001 ni fóònù alágbèéká GSM dé sọ́dọ̀ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí owó bébà di ọ̀wọ́n gógó, ọ̀pọ̀ wa tó ní òun ò fẹ́ gbọ́ ti fóònù ló sáré wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ará, alẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó. Ìwé ni, ẹnikẹ́ni sì lè kọ ọ́. Fóònù oníbàárà, ti oníbàárà ni. Ẹ wo iye tó wà nínú àpò báǹkì tiyín kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dára, kí ẹrù dúró. Èyí náà ni kíkà tiwa, kò sì yẹ kó bí ọmọlúàbí nínú.

Ẹni tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bá tẹ fóònù, ire ni. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ ara yín tẹ nọ́ńbà àṣírí.

Tí ẹ bá sì fi owó ẹgbẹ́ ránṣẹ́ láti orí fóònù, ẹ kọ orúkọ sí i, kí ẹ mú ẹ̀rí wá kí n lè kọ ọ́ sí káàdì yín. Láìpẹ́ yìí ni owó kan wọlé láìlórúkọ, ẹni mẹ́ta ló dìde pé tòun ni!

Owó ń pààrọ̀ aṣọ, olè kò pààrọ̀ ìwà. A ò ní fowó ṣòfò o.

Akọ̀wé yín.