Ìlànà Ṣíṣa Irinṣẹ́ Àbáwá fún Ojú Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà: GNOME àti Ubuntu Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ìwọ̀n tí ó yẹ kí á fi máa ṣa àwọn irinṣẹ́ tí yóò bá ojú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wá. Ojú iṣẹ́ ni gbogbo ohun tí ẹni tí ó tan kọ̀ǹpútà ń rí tí ó sì ń tẹ̀ láti fi ṣiṣẹ́. Irinṣẹ́ tí ó ti wà nínú rẹ̀ kí oníkọ̀ǹpútà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ohunkóhun kún un ni a óò máa pè ní irinṣẹ́ àbáwá. GNOME, tí Miguel de Icaza àti Federico Mena dá sílẹ̀ ní 1997, àti Ubuntu, tí ó kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú GNOME ní 2004, ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ.

Kóòdù àwọn méjèèjì wà ní gbangba. Ẹnikẹ́ni ni ó lè yọ irinṣẹ́ kan kúrò kí ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nítorí èyí, àwọn kan lè sọ pé àṣàyàn yòówù kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èrò tiwa ni pé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe nìkan ni òmìnira yìí wúlò fún.

2. Ìwọ̀n méjì tí kò tó

Ìwọ̀n kìíní ni dídára ètò. GIMP, tí a fi ń tún àwòrán ṣe, jẹ́ àgbà ètò, síbẹ̀ a yọ ọ́ kúrò nínú àwọn àbáwá Ubuntu ní ẹ̀dà 10.04, tí ó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2010. Kì í ṣe pé kò dára. Ó díjú ju ohun tí ẹni tí kò fẹ́ ju kí ó gé etí fọ́tò lọ nílò, F-Spot tí ó wà níbẹ̀ sì lè ṣe ìyẹn. Àyè pẹ̀lú há, nítorí pé inú àwo CD kan ṣoṣo, tí kò gbà ju nǹkan bí 700 mẹ́gábáìtì lọ, ni ohun gbogbo gbọ́dọ̀ gbé.

Ìwọ̀n kejì ni iye àwọn tí ń lo ètò. Orca ni ètò tí ń ka ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè fún afọ́jú. Bí ó bá ṣe pé ìbò ni a ń dì, kò ní wọlé. Síbẹ̀, láti GNOME 2.16 ní 2006 ni ó ti di ara GNOME. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó rí: afọ́jú tí kò ní Orca kò ní ohun tí yóò fi wá Orca.

3. Ìwọ̀n tí a dábàá

Nínú àpẹẹrẹ méjèèjì yìí ni ìwọ̀n wa ti jáde. Ìbéèrè tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ bi ara wa ni pé: ta ni kò ní lè ri irinṣẹ́ yìí mú fúnra rẹ̀ bí a kò bá fi í síbẹ̀? Ẹni tí ó nílò GIMP mọ orúkọ rẹ̀, ó sì lè lọ mú un. Ti Orca kò rí bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ti kíbọọ̀dù Yorùbá, tí ó wà lábẹ́ Nàìjíríà nínú àkójọ kíbọọ̀dù Ubuntu: àwọn tí ń lò ó kò pọ̀ láyé, àyè tí ó gbà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá bá a níbẹ̀ lè máa kọ Yorùbá láìlámì títí ayé, kí ó sì rò pé bí kọ̀ǹpútà ṣe rí nìyẹn.

Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Títí di 2011, àwọn tí ń ṣe Ubuntu a máa fi àwo CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ó bá béèrè, níbikíbi tí ó bá wà. Ohun tí ó bá wà nínú àwo yẹn ni ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì ní. Láti ẹ̀dà 23.10, ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì àti irinṣẹ́ kéékèèké nìkan ni àṣàyàn tí a ti fàmì sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ LibreOffice, tí a fi ń kọ lẹ́tà, ní láti yan èyí tí ó kún jù nígbà tí ó bá ń gbé ètò sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àwọn tí ó mọ ìyàtọ̀ yóò yàn án. Ẹni tuntun yóò tẹ èyí tí a ti fàmì sí, yóò sì padà wá fi dátà olówó iyebíye wá èyí tí ó kù.

A kò gbàgbé pé irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìnáwó tirẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe, kí ẹlòmíràn sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí oríṣiríṣi èdè. Èyí ni kò jẹ́ kí á sọ pé kí á kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n yíyọ ètò yàtọ̀ sí yíyọ iṣẹ́ tí ètò náà ń ṣe. Nígbà tí Snapshot gba ipò Cheese ní GNOME 45 ní 2023, ẹni tí ó fẹ́ ya fọ́tò ṣì rí kámẹ́rà lò.

4. Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé dídára ètò àti iye àwọn tí ń lò ó kò tó láti fi ṣe ìdájọ́. Ẹni tí ń ṣa irinṣẹ́ àbáwá ń yàn fún ẹni tí kò tíì lè yàn fún ara rẹ̀. Ipò irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ wò, kí á tó wo bí àwo ṣe kún tó, àti kí á tó wo bí ojú iṣẹ́ ṣe mọ́ tónítóní tó.