Bí A Ṣe Ń Gba Pọ́ìntì Lójú Àjò Nínú Football Manager

Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìlaròó bá lọ bá ti Ayétòrò nílé, kò sí ẹni tó ń retí pé yóò rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Onílé ló ni ariwo, òun ló sì mọ gbogbo kọ̀rọ̀ pápá. Football Manager, géèmù kọ̀ǹpútà tí Sports Interactive ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé ìṣòro yìí kalẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ń gbé ètò ilé lọ sójú àjò láìyí ohunkóhun padà. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù, wọ́n á kó gbogbo ẹgbẹ́ jọ síwájú aṣọ́lé. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ètò dúró, kí ewu inú rẹ̀ dín kù.

Ìdí tí àjò fi le

Kọ́ọ̀ṣì tí kọ̀ǹpútà ń darí máa ń gbójú nílé ju lójú àjò lọ. Yóò ti àwọn báàkì rẹ̀ síwájú láti tètè gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ yín. Bí àwọn báàkì tiyín náà bá gòkè, ẹ̀yìn wọn ni atamátàsé onílé yóò máa sá gbà. Ṣùgbọ́n onílé tó gòkè fi ẹ̀yìn tirẹ̀ náà sílẹ̀ gbayawu. Ibẹ̀ ni èrè yín wà.

Ohun tí ẹ máa yí padà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí Mentality, ìyẹn bí ẹgbẹ́ yín ṣe máa gbójú tó. Ìpele méje ló ní, láti Very Defensive títí dé Very Attacking. Balanced ló wà láàárín. Bí ẹ bá ń lo Positive nílé, Balanced tó lójú àjò. Bí onílé bá lágbára jù yín lọ fíìfíì, ẹ sọ̀ ọ́ dé Cautious. Ìyípadà kan yìí ti dín ìyára eré kù, ó sì ti fa ìlà ẹ̀yìn sílẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà náà sílẹ̀ ti dín in kù lẹ́ẹ̀mejì, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì ní kúrò lójú ilé mọ́.

Ẹ jẹ́ kí ìlà ẹ̀yìn àti ibi tí ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí lé alátakò jọ máa lọ sókè sódò. Bí ẹ̀yìn bá sọ̀ kalẹ̀ tí àwọn tiwájú ṣì ń sá lé aṣọ́lé onílé, àárín yóò ṣófo.

Báàkì ẹ̀gbẹ́ tó máa ń gòkè gan-an nílé, ẹ fún un ní iṣẹ́ tí kò ní jẹ́ kó gòkè tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi atamátàsé kan tó lè sáré sílẹ̀ lókè, kí ẹ sì yan Counter fún ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bọ́ọ̀lù.

Ẹ má fi ìtò tuntun gbá bọ́ọ̀lù àjò. Géèmù náà fàyè gba ètò mẹ́ta tí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè máa kọ́ pọ̀. Ẹ fi ti àjò sí ipò kejì, kí ìtò rẹ̀ bá ti ilé mu, kí wọ́n sì ti máa kọ́ ọ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò ni kí ẹ lé

Ní 2003, ẹgbẹ́ Enyimba na ẹgbẹ́ Ismaily ti Íjíbítì 2-0 nílé ní Àbá, nínú abala àkọ́kọ́ àṣekágbá ife ẹ̀yẹ CAF Champions League. Nígbà tí wọ́n dé Íjíbítì fún abala kejì, onílé fi 1-0 borí wọn, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n gbé ife wálé. Wọn kò nílò láti borí lọ́jọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni líìgì. Níbi tí ẹgbẹ́ 20 bá wà, ìdíje àjò 19 ni ẹ máa gbá. Ẹni tó borí nínú 5, tó ta ọ̀mì nínú 8, tó sì pàdánù 6, ti kó pọ́ìntì 23 wálé. Nítorí náà, bí ó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ ṣì wà ní 1-1 nílé alágbára, ẹ gba ọ̀mì náà, kí ẹ máa lọ.