Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Honda, Aládùúgbò Wa ní Ọ̀tà

Ẹ̀yin ará Àtàn, Sàngó àti Ọ̀tà, ṣé ẹ mọ̀ pé ọdún 1979 ni Honda ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lágbègbè wa yìí? Alùpùpù ni wọ́n kọ́kọ́ ń tò níbẹ̀. Nígbà tó di 2015 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Accord. Ohun tó jọ alùpùpù náà ni Soichiro Honda fi bẹ̀rẹ̀ ní Japan: lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó ń so ẹ́ńjìnnì kékeré tí àwọn ológun fi ń fún rédíò níná mọ́ kẹ̀kẹ́ ní ìlú Hamamatsu, kó tó dá Honda sílẹ̀ ní 1948.

Accord tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù lójú títì wa. Ti 2003 là ń pè ní "End of Discussion". Ti 2008 sì di "Evil Spirit".

Àwọn tó ni Accord máa ń yin ẹ́ńjìnnì rẹ̀: ó ń sáré, ó sì ń pẹ́. Jíà ni wọ́n ń ráhùn lé lórí, pàápàá ti V6, wọn ò sì parọ́. Ní 2004, Honda fúnra rẹ̀ pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan padà nítorí jíà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wà á títí tí yóò fi gbóná dáadáa, kí ẹ wò ó bóyá jíà ń ta. Ọ́ìlì jíà tí Honda fọwọ́ sí nìkan ni kí mẹkáníìkì yín dà sí i. Ìsàlẹ̀ Accord tún sún mọ́ ilẹ̀. Ẹni tó ń gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ máa rọra sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò.