Kóńgò Wo La Fi Ń Wọn Ìdọ̀tí Odò? Ìwádìí Iṣẹ́ Àgbẹ̀ àti Òwò Kírẹ́díìtì Omi ní Amẹ́ríkà

Ní kíláàsì Yorùbá ọdún kẹta wa, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ nípa àyíká fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ fún wa. Ohun tó kọ sójú pátákó ni "àwìn ìdọ̀tí." Àwọn ọmọ kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo bi í pé, "Kí lo ní lọ́kàn?" Ó ní, "Ẹ má bínú, sà, inú ìwé atúmọ̀-èdè ni mo ti rí i pé àwìn ni wọ́n ń pe kírẹ́díìtì." Mo ṣàlàyé fún un pé àwìn ni kéèyàn gbé ọjà lónìí, kó sì sanwó rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ohun tí òun ń sọ yàtọ̀ sí ìyẹn: ẹ̀rí ni, pé ẹnì kan ti dín ìdọ̀tí tó ń lọ sínú omi kù, tó sì fẹ́ ta ẹ̀rí náà fún ẹlòmíì. A jọ fẹnu kò sí "kírẹ́díìtì omi." Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo ka iṣẹ́ rẹ̀ tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá àṣìṣe ọmọ náà ní ọgbọ́n nínú. Màá padà sórí èyí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ náà láti ìpìlẹ̀.

Ta ló ń ba omi jẹ́, ta ló sì ń mu ún?

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Òótọ́ ni, lórí ilẹ̀. Lójú odò, ọ̀rọ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá da eérú sí òkè odò, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ni eérú ń tọ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nílé wa, kí omi ẹ̀rọ tó dé, òkè odò la ti ń pọn omi mímu, ìsàlẹ̀ la ti ń fọ aṣọ tí a sì ti ń wẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ òfin yẹn sínú ìwé, àmọ́ ọmọ tó bá lọ fọ aṣọ lókè odò mọ ohun tí ojú òun máa rí.

Ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ wo Chesapeake Bay. Apá òkun tó ya wọ inú ilẹ̀ ni, ní ìpínlẹ̀ Maryland àti Virginia. Omi odò àti omi iyọ̀ ń pàdé níbẹ̀, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sà Èkó. Ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn lọ síbẹ̀ fẹ̀ tó 64,000 máìlì níbùú lóròó. Ó kan ìpínlẹ̀ 6, ìyẹn New York, Pennsylvania, Delaware, Maryland, Virginia àti West Virginia, pẹ̀lú Washington tí í ṣe olú-ìlú. Odò Susquehanna nìkan ló ń gbé bí ìdajì omi odò tó ń wọ ibẹ̀ wá, àárín àwọn oko Pennsylvania ló sì ń gbà kọjá.

Ohun méjì tó ń bá omi yìí wá ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù: náítírójìn àti fọsifọ́rọ́ọ̀sì. Lójú àgbẹ̀, oúnjẹ irúgbìn ni wọ́n. Inú ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran la ti ń rí wọn. Ṣùgbọ́n tí òjò bá gbá wọn dénú omi, wọ́n á di oúnjẹ fún àwọn ewé tín-ín-tìn-ìn-tín tó máa ń bo ojú omi bí ẹni tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé. Nígbà tí àwọn ewé yìí bá kú tí wọ́n ń jẹrà, wọ́n á gba ọ́síjìn inú omi tán. Ẹja àti akàn ò ní rí èémí mí mọ́. Irú kan nínú wọn tiẹ̀ ń tú májèlé sínú omi. Irú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ ní adágún Erie ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, tí wọ́n fi sọ fún àwọn ará Toledo ní ìpínlẹ̀ Ohio pé kí wọ́n má mu omi ẹ̀rọ. Ó lé ní 400,000 ènìyàn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, bí ọjọ́ mẹ́ta ló sì gbà kí wọ́n tó ní kí wọ́n máa mu ún padà.

Báwo ni ìdọ̀tí ṣe di ọjà?

Ní ọdún 1972, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe Òfin Omi Mímọ́. Àwọn tó ní páìpù ni òfin náà dì mú jù: àwọn ilé-iṣẹ́, àti àwọn ibi tí ìlú ti ń fọ omi ilé ìgbẹ́ kó tó padà sódò. Ẹni tó bá ní páìpù gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ìwé náà ló sì máa sọ iye ìdọ̀tí tó lè jáde. Oko kò ní páìpù bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn ọgbà ẹran ńláńlá, omi òjò tó bá ṣàn kúrò lóko kò nílò ìwé àṣẹ. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá yí sí nìyí: ìlú tí òfin dì mú ń ná owó gọbọi láti dín ìwọ̀nba ìdọ̀tí tó kù kù. Àgbẹ̀ lè fi owó kékeré dín iye kan náà kù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi dandan lé e.

Ọ̀gbẹ́ni J. H. Dales, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ní Kánádà, ti dá a lábàá nínú ìwé kan ní 1968 pé kí ìjọba fi òté lé iye ìdọ̀tí tó lè wọ omi, kó sì jẹ́ kí àwọn èèyàn máa ra ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ ara wọn. Ní 2003, àjọ EPA tó ń bójú tó àyíká gbé ìlànà jáde tó fọwọ́ sí irú òwò yìí lórí omi. Ìpínlẹ̀ Virginia ṣe òfin tirẹ̀ ní 2005. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún 2010, EPA fi òté lé Chesapeake: náítírójìn tó ń wọ ibẹ̀ lọ́dún kò gbọ́dọ̀ ju pọ́n-ùn mílíọ̀nù 185.9 lọ, fọsifọ́rọ́ọ̀sì kò sì gbọ́dọ̀ ju mílíọ̀nù 12.5.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan yé ara wa. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe iye inú rẹ̀. Ká ní ìlú kan gbọ́dọ̀ dín pọ́n-ùn 1,000 náítírójìn kù. Tó bá ra ẹ̀rọ tuntun, pọ́n-ùn kan á ná an ní dọ́là 20, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ dọ́là 20,000. Àgbẹ̀ kan wà lókè odò tó lè fi dọ́là 4 dín pọ́n-ùn kan kù. Nítorí pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tí àgbẹ̀ pè gan-an ló máa rí, òfin ọjà ní kí ìlú ra pọ́n-ùn 2 lọ́wọ́ àgbẹ̀ fún ẹyọ kan. Ìlú ra 2,000 ní dọ́là 6 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó san 12,000. Ìlú fi 8,000 pamọ́, àgbẹ̀ jèrè 4,000, odò náà sì bọ́ lọ́wọ́ pọ́n-ùn 1,000 ju èyí tí òfin béèrè. Gbogbo wọn ló jèrè, bí ìṣirò bá jẹ́ òótọ́. Ọ̀rọ̀ "bí" yẹn gan-an ni ìṣòro.

Kóńgò àwọn onímọ̀

Ẹni tó ń ra gàrí lọ́jà ń fi ojú ara rẹ̀ rí kóńgò. Síbẹ̀, gbogbo wa la mọ àwọn tó máa ń tẹ ìdí kóńgò wọlé kí gàrí inú rẹ̀ lè kéré. Ti kírẹ́díìtì omi tún le ju ìyẹn lọ, torí ìdọ̀tí tí kò dé odò ni wọ́n ń tà. Báwo la ṣe fẹ́ wọn ohun tí kò wá? Ibí ni ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Láti 1968 ni àwọn onímọ̀ ARS, ẹ̀ka ìwádìí ti ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn omi ní apá kan ilẹ̀ tí odò kékeré Mahantango ń ṣàn gbà ní Pennsylvania. Irú iṣẹ́ báyìí ló fi hàn pé kì í ṣe gbogbo oko ló ń ba omi jẹ́ bákan náà. Apá kékeré nínú ilẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú fọsifọ́rọ́ọ̀sì ti ń jáde: ibi tí fọsifọ́rọ́ọ̀sì ti pọ̀ nínú erùpẹ̀, tó sì tún jẹ́ pé omi òjò máa ń ti ibẹ̀ ṣàn lọ sódò. Nǹkan méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé. Bí a bá sanwó fún àgbẹ̀ láti tún ilẹ̀ tí omi rẹ̀ kì í dé odò ṣe, a kàn da owó nù ni.

Iṣẹ́ kejì jẹ́ ti ohun ọ̀gbìn tí a fi ń bo ilẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kórè àgbàdo tán, náítírójìn máa ń ṣẹ́ kù sínú ilẹ̀, òjò àti yìnyín ìgbà òtútù á sì fọ̀ ọ́ lọ. Àgbẹ̀ lè gbin àlìkámà, báálì tàbí ráì kó lè fa náítírójìn náà mu. Ní agbègbè odò Choptank ní Maryland, àwọn onímọ̀ fi àwòrán sátẹ́láìtì wo bí àwọn oko wọ̀nyí ṣe hù sí nígbà òtútù, wọ́n sì fi wé ohun tí wọ́n wọ̀n lórí ilẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọjọ́ tí àgbẹ̀ gbin nǹkan ṣe pàtàkì gan-an. Ráì tí wọ́n tètè gbìn ń fa náítírójìn mu dáadáa. Èyí tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbìn, díẹ̀ ló ń rí fà. Nítorí náà, àgbẹ̀ méjì lè gba ìwé ẹ̀rí pé àwọn bo ilẹ̀, kó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló ṣe odò lóore.

Ìkẹta ni ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà. Kò sẹ́ni tó lè gbé ìgò lọ dúró létí gbogbo oko. Ọ̀gbẹ́ni Jorge Delgado àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ARS ní Fort Collins, ìpínlẹ̀ Colorado, ṣe irinṣẹ́ kan tó ń ṣírò náítírójìn tí àgbẹ̀ lè fi pamọ́ kó sì tà. Àwọn onímọ̀ ní Tarleton State University ní Texas náà bá ilé-iṣẹ́ ìjọba ṣe òmíràn tí wọ́n ń pè ní Nutrient Tracking Tool. Àgbẹ̀ á fi oko rẹ̀ hàn lórí máàpù, á sọ ohun tó ń gbìn àti iye ajílẹ̀ tó ń lò. Kọ̀ǹpútà á wo irú erùpẹ̀ ibẹ̀, bí ilẹ̀ ṣe dagun sí, àti òjò tó máa ń rọ̀, á wá sọ iye tó ń jáde báyìí àti iye tó máa jáde bí àgbẹ̀ bá yí ìṣe rẹ̀ padà. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni kírẹ́díìtì.

Ibi tí kóńgò ti lè yẹ̀

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ àkókò. Púpọ̀ nínú náítírójìn tó ń dé Chesapeake ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ, omi abẹ́ ilẹ̀ kì í sì í kánjú. Ó lè gba ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí èyí tó wọlẹ̀ lónìí tó dé odò. Páìpù ìlú ń da tirẹ̀ sódò lónìí. Ìdínkù tí wọ́n rà lóko lè má tíì hàn títí ọmọ tuntun á fi wọ ilé-ìwé.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀. Òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ ṣe ìpín tirẹ̀ kó tó lè ta ohunkóhun. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àgbẹ̀ tó ti ń tọ́jú etí odò láti ogún ọdún sẹ́yìn lè má ní ohun tí yóò tà, nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ń gbowó. Ṣé ẹ rí i pé ìyẹn lè dun èèyàn?

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tó ń gbé nítòsí páìpù. Bí ìlú bá ra kírẹ́díìtì láti ibi jíjìn, ìdọ̀tí kò dín kù ní ojúlé tiwọn. Ní 2012, ẹgbẹ́ Food & Water Watch àti Friends of the Earth gbé EPA lọ sílé-ẹjọ́ nítorí òwò yìí. Ilé-ẹjọ́ da ẹjọ́ náà nù ní 2013, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn náà kò kú.

Níbi tí òwò náà ti rọrùn jù, páìpù àti páìpù ló ń bá ara wọn nájà, torí ohun tó ń jáde lẹ́nu páìpù ṣe é wọ̀n. Ìpínlẹ̀ Connecticut bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2002 láàárín bí 80 ibi tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí. Ti àárín ìlú àti àgbẹ̀ kò gbilẹ̀ tó bí wọ́n ṣe rò. Ní ti Chesapeake, 2025 ni wọ́n fi ṣe gbèdéke. Nígbà tí ọdún náà dé, ìdínkù tí wọ́n ṣèlérí kò tíì pé, ti oko ló sì ṣẹ́ kù jù.

Ó wá ku àwìn

Ibi tí mo ti padà sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa nìyí. Bí kóńgò bá pé, kírẹ́díìtì ni: ẹ̀rí iṣẹ́ tí ẹnì kan ti ṣe. Bí kóńgò bá yẹ̀, àwìn ni: wọ́n ti da ìdọ̀tí lónìí lórí ìlérí pé ìdínkù ń bọ̀ lọ́la. Ẹni tó máa san gbèsè àwìn náà kò sí lọ́jà nígbà tí wọ́n ń nájà. Apẹja ìsàlẹ̀ odò ni, àti ọmọ tó ń bu omi mu.

Mo dá ìwé ọmọ náà padà. Mi ò fi bírò pa "àwìn" rẹ́. Mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kó fi ìpínrọ̀ kan ṣàlàyé ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bá a mu. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ wo odò tó wà nítòsí yunifásítì yín. Ẹ béèrè ẹni tó wà lókè rẹ̀, ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àti irú kóńgò tí wọ́n fi ń wọ̀n ún. Kí ẹ sì fi Yorùbá kọ ohun tí ẹ bá rí.