Ìdènà Àrùn Ọkàn àti ti Iṣan-Ẹ̀jẹ̀ ní Ilé Ìwòsàn Alábọ́ọ́dé: Agbègbè Alímọ̀ṣọ́ Gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ

Ìfáárà
Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó sábà máa ń ṣílẹ̀kùn fún àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀. Àfojúsùn àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni ó yẹ kí ìdènà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́ ìlera ṣe pàtàkì níbẹ̀ bí oògùn ti ṣe pàtàkì.

Orúkọ àti Àrùn
Bí Yorùbá bá ní òkun ru, tàbí pé ìbínú ẹnì kan ru sókè, ohun tí ojú rí tàbí tí ara mọ̀ ni wọ́n ń wí. Nítorí náà, aláìsàn lè rò pé bí ara òun bá ti balẹ̀, ẹ̀jẹ̀ òun náà ti wálẹ̀, kí ó sì pa oògùn tì. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni àrùn náà rí. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan lè pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ìrora kankan. Iṣan yóò máa le, ọkàn yóò máa ṣe làálàá. Orúkọ kejì, ìfúnpá gíga, sàn ní ọ̀nà kan: ó ń rán ni létí pé apá ni a ti ń wọ̀n ọ́n. Bí ìwọ̀n náà bá ń dé 140 lórí 90 léraléra, àrùn ti wà níbẹ̀.

Ètò Ìlera Alábọ́ọ́dé
Ìpàdé Alma-Ata ti 1978 ni ó gbé ètò yìí kalẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìtọ́jú aboyún ni a fi mọ̀ ọ́n jù. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan láti Kwara, tí a tẹ̀ jáde ní 2014, fi hàn pé níbi tí ètò adójútòfò ìlera ti gbé ìtọ́jú dé ìgbèríko, ìfúnpá àwọn aláìsàn fi nǹkan bíi 10 wálẹ̀. Ìlọsílẹ̀ yìí fi nǹkan bíi 5 ju ti àdúgbò tí kò sí ètò náà.

Alímọ̀ṣọ́
Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn tí ó lé ní 1,200,000 ní Alímọ̀ṣọ́. Ilé ìwòsàn ìjọba ńlá wà ní Ìgàndò. Ṣùgbọ́n ìyálọ́jà tí ó ń pàtẹ ní Ìkòtún tàbí Ẹ̀gbẹ́dá kò ní fẹ́ fi odidi ọjọ́ ọjà ṣòfò nítorí àìsàn tí kò dùn ún. Bí àyẹ̀wò bá wà nítòsí ìsọ̀ rẹ̀, ọ̀ràn yóò yàtọ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Ó yẹ kí a máa wọn ìfúnpá gbogbo àgbàlagbà tí ó bá wọ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, ohun yòówù kí ó bá wá. Kí a gbà á níyànjú pé iyọ̀ òòjọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó ìwọ̀n gíráàmù 5, èyí tí kò ju ṣíbí kékeré kan lọ. Lékè gbogbo rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ wí fún un pé: "Màmá, ara yín lè le koko kí ìfúnpá yín sì ga. Ẹ má fi oògùn sílẹ̀." Gbólóhùn yìí kò náni ní kọ́bọ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí là.