Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì tó ń bí èèyàn nínú

Ẹ ó ti rí i níbi tí ẹnì kan kọ "I could of come". Àṣìṣe ni o. "Could have" ni. Bí ẹnu bá ń yára, "could've" ló ń jáde, etí á sì gbọ́ "of". Àwọn ọmọ ìlú ọba pàápàá ń ṣì í kọ.

"It's" àti "its" ńkọ́? Àmì kékeré yẹn dúró fún lẹ́tà tó fò lọ: "it is" tàbí "it has". Bí ajá bá ń ju ìrù, "its tail" ni, kò sí àmì níbẹ̀.

Tiwa náà wà níbẹ̀. "My daddy said they are sleeping." Òyìnbó á máa wá ẹnì kejì tó ń sùn! "Wọ́n" ọ̀wọ̀ la gbé wọnú Gẹ̀ẹ́sì. "He" ni wọ́n ń pe bàbá, kódà kó jẹ́ ọba. "Ó" tiwa kò sì ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Ìdí nìyẹn tí "he" fi ń yọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu nígbà tí obìnrin là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Equipments", "furnitures", "informations": ẹ yọ "s" ìdí wọn dànù.

Ẹ má fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ o. Èdè àbínibí ló ń yọjú nínú èdè àkọ́kúntẹni. Èwo ló ń bí ẹ̀yin nínú jù?